Okùn Ògúnlànà àti Ògiri Mosúnmọ́lá

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: kí ni a ti mọ̀ nípa ilé? A mọ̀ pé ilé ní ògiri, ó ní òrùlé, ó sì ní ẹnu ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A tún mọ̀ pé ọmọ aráyé ń bí sí i, àti pé ilé tó gba bàbá kì í sábà gba bàbá, ọmọ, ìyàwó ọmọ àti ewúrẹ́ ìyàwó ọmọ. Nítorí náà, ìlú tó bá ń dàgbà gbọ́dọ̀ kọ́lé tuntun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé tuntun kò dára, ẹ ní kó lọ sùn sí ìta nígbà òjò, kó wá padà wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ̀ ni ibi tó yẹ kí ilé tuntun dúró sí, tí kò fi ní gbé ẹsẹ̀ lé ilé àtijọ́ lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ yẹn le díẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1956 ni ìlú Ọ̀jọ́ kọ́ ọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló jẹ pàṣán ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló yege.

Nígbà náà, èrò ti ń pọ̀ ní Ọ̀jọ́. Tíṣà ń dé, káfíńtà ń dé, àwọn tó ń wa ọkọ̀ láàárín Èkó àti Àgbádárìgì náà ń wá ibi tí wọn yóò gbé orí lé. Ẹ wo Adébímpé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ tíṣà. Yàrá kan náà ni òun àti ìyá arúgbó tó ni ilé jọ ń sùn, pẹ̀lú àwọn adìẹ ìyá náà àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí Adébímpé bá fẹ́ máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, orí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ló ń gbé ìwé lé, adìẹ á sì bá a fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó sọ pé irú Adébímpé kò nílò ilé. Bàbá Sàlámì, olórí Agbo-ilé Aláwọ̀n, tiẹ̀ ti yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìbà. Ilẹ̀ gíga ni, ilẹ̀ gbalasa, kò sí ohun tó ń gbé orí rẹ̀ ju ẹ̀gẹ́ àti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá ní, "Ẹ lọ kọ́ ọ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ò ní bínú."

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kò ti parí báyìí? Ó yẹ kó parí. Ṣùgbọ́n káńsù ní Alága Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́, Alága náà sì ní okùn.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Jeremáyà Ògúnlànà. Ó ti lọ sí Ìlú Ọba rí fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, ó sì rí i níbẹ̀ pé ilé ń tò ní ìlà gbọọrọ bí eyín. Ohun mìíràn wà ní Ìlú Ọba tó yẹ kó rí, ṣùgbọ́n èyí nìkan ló rí. Nígbà tó dé, ó ra okùn funfun kan, ó sì ń gbé e sínú àpò kóòtù rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé tẹ̀sùbáà tàbí Bíbélì. Ó ní akòtò òyìnbó kan pẹ̀lú, tí kì í ṣí lórí, ì báà jẹ́ nínú ilé, ì báà jẹ́ lábẹ́ igi. Àwọn kan ní ó ń dé e wẹ̀. Mi ò lè fi ìdí ìyẹn múlẹ̀.

Bí Ògúnlànà bá wúkọ́ ní ìpàdé káńsù, Abọ́dúnrìn akọ̀wé á fò dìde. Á kígbe pé, "Ikọ́ ọlọ́lá! Ikọ́ ọlọ́gbọ́n! Ikọ́ tí a fi ń tún ìlú ṣe!"

Gbogbo káńsẹ́lọ̀ á dáhùn pé, "Kí ikọ́ yín ó pẹ́!"

Ní ọyẹ́ kan báyìí, ó wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé títí dé òpin. Wọn kò ráyè jíròrò nípa afárá tó já, ṣùgbọ́n Abọ́dúnrìn kéde pé ìpàdé náà yọrí sí rere.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa okùn. Igi àgbọn kan wà ní èbúté tó tẹ̀ sórí omi bí ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú díńgí. Ògúnlànà na okùn sí i, ó rí i pé igi náà rú òfin. Ó ní kí wọ́n fún un ní ìkìlọ̀, wọ́n sì kan ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí igi kò ronú pìwà dà, ó bu owó ìtanràn lé e. Títí di òní ni káńsù ń retí owó yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ló yin àwọn pẹ́pẹ́yẹ Àjàngbádì ní gbangba nítorí pé wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà. Ó ní kí àwọn ọmọ ènìyàn lọ kọ́gbọ́n lára wọn.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e lọ sí Agbo-ilé Aláwọ̀n.

Etí ọ̀sà ni agbo-ilé yìí wà. Àwọn tó ń hun àwọ̀n, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń yan án ló tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ilé náà kọjú sí ara wọn, ìgbátí òrùlé wọn sì kan ara wọn, débi pé bí òjò bá ń rọ̀, èèyàn lè rìn láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé tó kẹ́yìn kí omi má kán sí i lórí. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri wọn. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún mọ òmíràn lé e. Òótọ́ ni pé ògiri náà kò tọ́ gbọọrọ. Níbì kan ó yà fún igi, níbì kan ó yà fún ẹnu ọ̀nà àna, níbì kan ó yà fún sàárè. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ní ìdí.

Ògúnlànà pe ìpàdé sí àárín agbo-ilé náà. Abọ́dúnrìn gbé àga rẹ̀ wá, ó nu ún, ó tún bẹ àga náà pé kó gba Alága dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Alága bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ọ̀jọ́, ẹ̀yin tí ọ̀làjú bá lójú oorun! Èmi Jeremáyà, tí mo fi ojú mi méjèèjì rí Ìlú Ọba, tí mo tún fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn ín, mo dúró níwájú yín! Mo wo ìwọ̀-oòrùn, mo rí wíwọ́! Mo wo ìlà-oòrùn, mo rí wíwọ́! Mo wo ilé yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú! Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń gba ojú omi bọ̀ wá kí wa. Kí ni yóò kọ́kọ́ rí? Ṣé èéfín ẹja ni? Ṣé ògiri tó ń jó ni? Rárá o! Agbo-ilé yìí yóò lọ! Ilé tuntun yóò dúró síbẹ̀, ilé olópàánù, ilé onísìmẹ́ńtì, ní ìlà kan, bí sójà!"

Ó wúkọ́. Abọ́dúnrìn ní, "Ikọ́ ọlọ́lá!" Kò sí ẹni tó dáhùn.

Bàbá Sàlámì bi í pé, "Alága, ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìbà tí mo fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò rí i níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yìnkùlé lèèyàn ti ń wọ aṣọ tuntun ni?"

Ìgbà náà ni Ìyá Mosúnmọ́lá dìde. Opó ni, ẹja ló ń yan, ilé tirẹ̀ ló sì sún mọ́ omi jù. Ó kúnlẹ̀ kí Alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọkọ mi wà nínú yàrá o."

"Lọ jí i! Kó jáde wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú!"

"Yésúfù ò ní jí, Alága. Inú yàrá la sin ín sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí kí n tó dá iná. Tí ẹ bá wó ilé, ibo ni ẹ fẹ́ kí n ti máa kí i?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kó nawọ́. Ògúnlànà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó nawọ́.

"Ìwọ ìyá yìí, fọkàn balẹ̀! Nínú ètò tuntun, àwọn òkú náà yóò ní ìlà tiwọn ní Okokomáíkò. Olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀!"

Ohùn kan láti ẹ̀yìn ní, "Èmi tí mo wà láàyè, mi ò tíì ní nọ́ńbà." Àlàbá ahunwọ̀n ni. Gbogbo agbo-ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí wíwó bẹ̀rẹ̀ ní kíá, àmọ́ ìṣòro kan yọjú. Abọ́dúnrìn ló gbọ́ ọ wá.

"Alága, wọ́n ní tí Ajẹ́lẹ̀ bá dé, àwọn olóyè nìkan ló máa bọ̀ lọ́wọ́. Ó máa juwọ́ sí àwọn yòókù láti òkèèrè ni."

Ojú Ògúnlànà ṣú. "Sí èmi? Kó juwọ́ sí èmi bíi pé mo jẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ?"

"Oyè kan wà nílẹ̀, sà. Ọdọ̀fin Aláwọ̀n. Ó ti ṣófo tipẹ́."

Ó ti ṣófo tipẹ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tí Ọdọ̀fin tó kẹ́yìn ti kú, ẹ̀gbọ́n ń ní kí àbúrò jẹ ẹ́, àbúrò ń ní òun ní ìrìn àjò kan lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ bá dé ọjà tí gbogbo èèyàn wà ní ìdúró, tí bẹ́ǹṣì kan sì ṣófo láàárín wọn, ǹjẹ́ ẹ kò ní kọ́kọ́ fi ọwọ́ wò ó bóyá ìṣó wà lórí rẹ̀? Ògúnlànà kì í fi ọwọ́ wo bẹ́ǹṣì. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Sàlámì, ó ní òun fẹ́ oyè.

Bàbá Sàlámì kò tan án jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ mọ́ bàbá. Ó jókòó, ó sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, èèyàn kì í fi ara rẹ̀ tọrọ oyè níbí. Àgbà ilé rẹ lo máa rán wá. Á bi wá pé, 'Oyè yìí, kí ló ń jẹ, kí ló sì ń rù?' A máa sọ fún un, òun náà á sọ fún ọ. Tó bá wúwo jù, o lè fi í sílẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀."

"Àgbà? Ta ni àgbà mi? Ta ló dàgbà ju ẹni tó ti dé Ìlú Ọba lọ?"

"Rán ẹnikẹ́ni. Rán ìyàwó rẹ pàápàá. Kó sáà béèrè."

"Bàbá, mo gba oyè! Ohun tó bá ń jẹ, mo ní i! Ohun tó bá ń rù, orí mi tóbi!"

Òótọ́ lèyí tó sọ nípa orí.

Lọ́jọ́ ìwúyè, wọ́n mú un dúró níwájú òpó àárín agbolé. Àṣà wọn ni pé wọ́n á ka ẹrù oyè sí olóyè tuntun létí, òun á sì máa dáhùn pé, "Mo gbé e." Ògúnlànà ti mú onífótò kan wá láti Èkó, nítorí náà ẹ̀rọ fótò ló kọjú sí. Kò wo Bàbá Sàlámì.

Bàbá ní, "Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ níbí, ìwọ lo máa là á."

"Mo gbé e!"

"Ilé tó bá wó níbí lójú ayé rẹ, ilé tìrẹ ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa kó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa sùn, títí wàá fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ po amọ̀, tí wàá fi ọwọ́ ara rẹ mọ ògiri wọn padà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbé e! Onífótò, ṣé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí n kọ sí ọ, àbí òsì?"

Ẹ̀yin gbọ́ ọ, àbí ẹ kò gbọ́? Gbogbo agbo-ilé gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ tó so mọ́ igi gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ọ, orí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ewé oyè sí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti kan pátákó ńlá mọ́ iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀: ILÉ OLÓYÈ ỌDỌ̀FIN JEREMÁYÀ ÒGÚNLÀNÀ. Ó ti ránṣẹ́ sí Ajẹ́lẹ̀ pé Olóyè ni yóò pàdé rẹ̀ ní èbúté. Gbogbo rẹ̀ ṣe tán, ó ku wíwó.

Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ ta ọkọ́ bọ ògiri. Ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ sórí kóòtù, ó dé akòtò, ó na okùn rẹ̀ láti èbúté wá. Okùn náà gba àárín ilé Mosúnmọ́lá kọjá. Òjò oṣù kẹfà ti rin ògiri ìhà ọ̀sà gbindin-gbindin. Ògúnlànà gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ọkọ́ há. Ó fà á, kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á tagbára-tagbára, àfi gbìì! Ògiri bẹ́ sí ìta, ó sì fi amọ̀ kun Ọdọ̀fin láti orí dé bàtà.

Abọ́dúnrìn kígbe pé, "Ẹrẹ̀ ọlọ́lá!"

Mosúnmọ́lá kò sunkún. Ó kọ́kọ́ yọjú wo yàrá iwájú. Ibi tí Yésúfù wà kò fara gbọgbẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó yíjú sí àwọn ìyàwó ilé. "Ó ti wó. Ẹ wá bá mi ru ẹrù."

Wọ́n ru ẹní, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru agbọ̀n ẹja. Wọ́n gbé irin ààrò rẹ̀ pàápàá. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ògúnlànà.

"Ọdọ̀fin, yàrá wo ni tèmi?"

"Yàrá wo? Yàrá kí ni?"

Bàbá Sàlámì ní, "Ọdọ̀fin, o gbé e."

"Mo gbé kí ni?"

Wọ́n bá ka ẹrù oyè sí i létí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹ̀rọ fótò níwájú rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ ọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Irọ́ ni! Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Onífótò, tó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀, nawọ́ sókè. "Mo gbọ́ ọ, sà. Ẹnu yín là sílẹ̀ nínú fótò, ibi tí ẹ ti ń sọ pé ẹ gbé e nìyẹn."

Kí ló dé tí kò fi ju oyè náà nù? Ó lè jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ju oyè yẹn nù á ṣí fìlà, á sì fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín ìlú kọjá lórí òfo. Ògúnlànà ro akòtò, ó ro pátákó, ó ro ọwọ́ Ajẹ́lẹ̀ tí yóò máa jù láti òkèèrè. Ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣáájú Mosúnmọ́lá lọ sílé.

Ọmọ́yẹlé ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nínu àga ni obìnrin yìí fi ń ṣe iṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, àwọn àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Nígbà tó rí ìyá àti ẹrù, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ẹ jókòó sí èyí tó bá wù yín."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa? Ẹja kan wà tí mo fẹ́ yan kó tó bàjẹ́."

"Òkè níbẹ̀ yẹn, Ìyá, ní iwájú yàrá Ọdọ̀fin."

Láti ọjọ́ yẹn ni èéfín ti ń bá Ọdọ̀fin jí. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó wọ ìrọ̀rí rẹ̀, ó wọ inú akòtò. Nígbà tó ń lọ sí káńsù, gbogbo ológbò Ọ̀jọ́ tò tẹ̀lé e lẹ́yìn ní ìlà gbọọrọ, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun kan máa tò ní Ọ̀jọ́ bó ṣe fẹ́ ẹ gan-an.

Ọjọ́ kejì, Àlàbá ahunwọ̀n kan ilẹ̀kùn.

"Ọdọ̀fin, ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ pé tiwa lẹ máa wó tẹ̀ lé e. Mo ní kí n wá wo yàrá ná."

"Yàrá kí ni?"

"Àwa ò ní wàhálà. Ọmọ wa ò pọ̀, àwọn ìbejì sì ti ń dín ẹkún kù. Èmi nìkan ni mo máa ń han-run díẹ̀. Èmi ló ń pè é ní díẹ̀ o. Ìyàwó mi ní orúkọ míì fún un." Ó fa okùn kan yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pálọ̀. "Àwọ̀n mi á gba ibí yìí. Ẹ bá mi di okùn yìí mú, Ọdọ̀fin. Ẹ jẹ́ kó tọ́."

Bí Àlàbá ṣe ń jáde ni àwọn míì ń wọlé. Ọ̀kan fẹ́ yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Ọ̀kan fẹ́ mọ ibi tí ewúrẹ́ á máa sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Alága Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́ ti kéde pé wíwó dúró ná, fún ìwádìí tó jinlẹ̀.

Ìyẹn gba àwọn yòókù là. Kò tíì gba Mosúnmọ́lá. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń rìn padà lọ sí ilé tó ya sílẹ̀ yẹn, ó ń ká ẹní tó fi bo ẹ̀gbẹ́ sàárè, ó ń kí ọkọ rẹ̀, ó tún ń bò ó. Ọmọ́yẹlé bi í bóyá oúnjẹ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Oúnjẹ yín dùn, ọmọ mi. Oorun ni mi ò rí sùn. Òjò ń bọ̀, Yésúfù sì wà ní gbangba."

Inú yàrá rẹ̀ ni Ògúnlànà wà, ó gbọ́ ọ. Kò wúkọ́.

Ó ku ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ máa dé, ó yọ́ lọ sí Agbo-ilé Aláwọ̀n kí àwọn èrò tó jí tán. Ó rò pé òun á po amọ̀, òun á mọ ògiri, òun á wẹ̀, òun á sì dé èbúté ní ọ̀sán. Ẹ ti mọ̀ pé kò mọ bí ògiri ṣe ń gbẹ. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi akòtò lé ọwọ́ Abọ́dúnrìn, ó wọnú ẹrẹ̀. Àlàbá ń da omi, Bàbá Sàlámì jókòó sórí àpótí.

"Gbé ẹsẹ̀ sókè, Ọdọ̀fin. Amọ̀ ò gbọ́ gírámà."

Wọn kò mọ̀ pé atẹ́gùn ti ń ti ọkọ̀ Ajẹ́lẹ̀ bọ̀ kíákíá. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣì ń to bẹ́ǹṣì ní ìlà nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Pákó èbúté ń yọ̀, Ajẹ́lẹ̀ sì nawọ́ wá ohun tó máa dì mú. Igi àgbọn tó tẹ̀ ló dì mú, tòun ti ìkìlọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Ó sọ̀kalẹ̀ láìṣubú, ó rí agbo-ilé níwájú rẹ̀, ó sì yà síbẹ̀.

Ó bi Abọ́dúnrìn, tó jẹ́ òun náà ni ògbufọ̀, pé, "Níbo ni Olóyè Ògúnlànà wà?"

Abọ́dúnrìn wo ọkùnrin inú ẹrẹ̀. Ọkùnrin inú ẹrẹ̀ wo Abọ́dúnrìn. Ó ń dúró de oríkì. Abọ́dúnrìn fi akòtò pamọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Kò tíì dé, sà."

Ìyá Mosúnmọ́lá ló sọ̀rọ̀, àánú ló sì fi sọ ọ́. "Ó ti dé o. Ọdọ̀fin wa nìyí. Ilé mi ló ń bá mi tún ṣe."

Ajẹ́lẹ̀ na ọwọ́. Ògúnlànà na tirẹ̀, amọ̀ ń kán tó, tó, tó. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tó ti ń wá nìyẹn, ó sì rí i.

Ajẹ́lẹ̀ béèrè pé, "Ta ló wó ògiri yìí?"

Bàbá Sàlámì ní, "Ọdọ̀fin ni."

"Ta ló ń mọ ọ́n?"

"Ọdọ̀fin náà ni."

"Níbo wá ni ilé tuntun tí ẹ ní kí n wá wò wà?"

"Ojú ọ̀nà Ìbà ló máa wà, láàárín ẹ̀gẹ́. Òun ni kò jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ajẹ́lẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìgbátí òrùlé, ó ń lọ. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sọ ìyókù. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gba ipò alága lọ́wọ́ Ògúnlànà. Àwọn tó ń kígbe pé kí ikọ́ rẹ̀ ó pẹ́ wá ń búra pé ikọ́ náà ti ń dun àwọn létí tipẹ́. Alága tuntun kì í wúkọ́. Ìyẹn kó ìdààmú bá Abọ́dúnrìn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín bó ṣe ń yán. Ilé tuntun dìde lójú ọ̀nà Ìbà, ó tọ́ gbọọrọ, ó sì dára. Adébímpé gba yàrá kan níbẹ̀, tòun ti tábìlì, láìsí adìẹ.

Ògiri Mosúnmọ́lá ńkọ́? Ògúnlànà ṣì jẹ́ Ọdọ̀fin, nítorí náà ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó mọ ipele kan, ó dúró kó gbẹ. Ṣùgbọ́n kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó ti fa okùn rẹ̀ yọ, ó nà án láti igun kan sí ìkejì. Ó wo ibi tí okùn náà gbà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti dé láti Ìlú Ọba: ó béèrè.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo gan-an ni ọkọ yín wà? Kí n má baà tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀."

Mosúnmọ́lá fi hàn án. Okùn náà gba orí ẹsẹ̀ Yésúfù kọjá. Ògúnlànà ká okùn rẹ̀, ó sì yí ògiri po, ó fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin náà láti na ẹsẹ̀. Nígbà tó mọ ọ́n tán, òun ni ògiri tó wọ́ jù ní gbogbo agbo-ilé náà. Àlàbá fi rẹ́rìn-ín títí. Mosúnmọ́lá kó ẹrù rẹ̀ padà, ó kí ọkọ rẹ̀, ó dá iná. Ó tọrọ okùn funfun náà lọ́wọ́ Ọdọ̀fin, ó ní ó máa dára fún sísá aṣọ.

Ó ku iṣẹ́ kan fún yín láti ṣe. Ẹ mú bébà kan, ẹ lọ sí agbo-ilé tí wọ́n ti bí bàbá tàbí ìyá yín. Ẹ fi rúlà sílẹ̀ ná. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ sì yà á bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe rìn. Níbikíbi tí ògiri bá ti yà, ẹ dúró, ẹ wá àgbà kan, kí ẹ bi í pé, "Kí ló ń yà fún?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ibẹ̀. Tí ẹ bá ti kọ ti gbogbo kọ̀rọ̀ tán, ẹ lè wá gbé rúlà, kí ẹ fi wá ibi tí irú Adébímpé máa gbé.